Pátákó Ènì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba

Ọdún mẹ́rin gbáko ni ṣọ́ọ̀kì náà fi wà lọ́wọ́ mi. Inú agolo mílíìkì kan ló ń gbé, lábẹ́ tábìlì obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba nílùú Ọ̀wọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kàn án àfi èmi. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, màá yà síbẹ̀, màá fi àkísà tútù nu pátákó dúdú tí obìnrin náà gbé ti ògiri, màá sì kọ gbogbo ènì tí àwọn ilé púùlù kéékèèké ń fún ènìyàn lọ́sẹ̀ náà sí i. Àwọn tó ń ta púùlù á ti dúró dè mí. Bí mo bá ṣe ń kọ̀wé lọ ni màá máa gbọ́ èémí wọn lẹ́yìn ọrùn mi. Mo fẹ́ràn èémí yẹn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la máa ń ta tẹ́tẹ́ lé. Ìdíje mọ́kàndínláàádọ́ta ló wà nínú kúpọ́ọ̀nù, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń ta á ni kí ó mú àwọn tó máa parí sí ọ̀mì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó sì mú ìwé rẹ̀ dé ilé púùlù kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, ejẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ejẹ́ńtì ńlá àárín ìlú kì í fún ènìyàn ní ohunkóhun ju iye tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn kúpọ́ọ̀nù lọ. Àwọn kéékèèké, àwọn tó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo ní Èmùrè-Ilé tàbí Ute, ni wọ́n máa ń fi ènì fa ojú oníbàárà mọ́ra, bí ẹni tó ń ta ẹ̀wà ṣe ń fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé orí kóńgò.

Iṣẹ́ wolé-wolé tí mò ń ṣe nígbà náà ló jẹ́ kí n mọ̀ wọ́n. Alùpùpù ìjọba wà lábẹ́ mi, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wọ agbolé kiri, kí n máa yẹ ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀. Bí àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tó múlé tì wá kò bá ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, wọ́n á ní kí n bá àwọn dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Kò sí ìlú tí kò ní ilé púùlù, kò sì sí ilé púùlù tí kò ní ìkòkò omi. Bí mo bá ti yẹ omi wò tán, màá béèrè ohun tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Kì í ṣe pé mo kàn ń kọ ọ́. Mo máa ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Èmùrè-Ilé ṣe àpẹẹrẹ, nítorí títí di òní ni inú mi máa ń dùn sí i. Ejẹ́ńtì ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá mú kúpọ́ọ̀nù márùn-ún wá, ẹ̀kẹfà di ọ̀fẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé púùlù àárín ìlú ń san ogún náírà lórí náírà kan fún ọ̀mì mẹ́ta, mẹ́rìndínlógún ni tirẹ̀. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀kẹfà ọ̀fẹ́ yẹn, náírà mọ́kàndínlógún àti ogún kọ́bọ̀ ni náírà rẹ kan ń bọ̀ wá dà níbẹ̀. Ẹni tó wọkọ̀ lọ sí Èmùrè-Ilé lọ gba ènì ti fi ọgọ́rin kọ́bọ̀ sílẹ̀, láìka owó ọkọ̀. Ti Ute ni ènì tòótọ́: ogún náírà náà ni wọ́n ń san, bí o bá sì mú mẹ́ta tí méjì péré jáde, wọ́n á dá owó rẹ padà fún ọ. Ọjọ́ tí mo kọ ìṣirò yẹn sí pátákó, Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwé àwọn Kátólíìkì, bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Oṣù kan ni mo fi ń gbádùn ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́ ni nǹkan yí padà. Mo ti kọ̀wé tán, mo ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, nígbà tí bàbá kan tó jókòó sórí àga gbọọrọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Wolé-wolé, ti Ute ti yàtọ̀ o."

Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá Aláago la máa ń pè é. Ìmàle ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ní ìsọ̀ tóóró kan lẹ́bàá mọ́sáláṣí tó ti ń tún aago ṣe. Ó máa ń wá jókòó sọ́dọ̀ oníwèé-ìròyìn nírọ̀lẹ́, kí àkókò ìrun tó tó, kí ẹnìkan lè ka ìròyìn sí i létí. N kò rí i kí ó mú kúpọ́ọ̀nù dání rí, ṣùgbọ́n n kò fi ọkàn sí ìyẹn.

Mo ní, "Ó yàtọ̀ báwo, bàbá?"

"Ẹni tí méjì bá jáde fún nínú mẹ́ta, wọn ò ní dá owó rẹ̀ padà nìkan mọ́. Wọ́n á tún fún un ní kúpọ́ọ̀nù ọ̀fẹ́ kan tí yóò fi ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo gbọ́ ni."

Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ kò gbé mi lọ sí Ute, ṣùgbọ́n mo lọ. Òótọ́ ni. Ejẹ́ńtì náà sọ fún mi pé ọjọ́ Ọjọ́rú gan-an ni àwọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí alùpùpù mi níwájú ìsọ̀ rẹ̀, mo ń ronú pé ọkùnrin tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí kì í kúrò láàrin ìlú, mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ute lọ́jọ́ Ọjọ́rú kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èmi rèé, tí mo ti jẹ táyà méjì tán lójú ọ̀nà yẹn. Owú ni ohun tó gbóná láyà mi lọ́jọ́ náà. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ó sì tún mú òmíràn wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mọ̀ pé ti Èmùrè-Ilé ti gbé iye tó ń san sí méjìdínlógún. Mo tún un ṣírò, ó di náírà mọ́kànlélógún àti ọgọ́ta kọ́bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kẹfà ọ̀fẹ́ yẹn, ó ti ju ti àárín ìlú lọ. Mo ní láti nu ìlà tí mo ti fi ọdún kan bú ejẹ́ńtì Èmùrè-Ilé lójú pátákó. Lójú gbogbo ènìyàn ni mo ti nù ún.

Tíṣà ní, "Wolé-wolé, o ò ṣe máa dúró kí Bàbá Aláago dé ná kí o tó kọ̀wé? Àkísà yẹn ti fẹ́ ya."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màá fi wo ẹ̀gbẹ́, oníwèé-ìròyìn ti gbé àga onírọ̀rí rẹ̀ jáde fún bàbá náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró lórí ẹsẹ̀ mi níwájú pátákó yẹn, n kò mọ̀ pé ó ní àga onírọ̀rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka iye ènìyàn tó kí i kí wọ́n tó kí mi. Mo mọ ikọ́ rẹ̀ láti òdìkejì títì. Èyíkéyìí tó bá ti ẹnu rẹ̀ wá, lẹ́tà kékeré ni mo fi máa ń kọ ọ́, nísàlẹ̀ pátákó, níbi tí ewúrẹ́ máa ń fara ha. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á. Wọ́n kì í tilẹ̀ ka ti òkè mọ́.

Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ ló gbé mi dé ìsọ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún, irọ́ ni. Mo wọ aṣọ kàkí iṣẹ́ mi, mo mú ìwé ìyẹ̀wò dání, mo sì ní mo wá wo ìkòkò omi.

Kò dìde lórí àpótí. Ó ti fi awò kékeré kan há ojú rẹ̀ kan, ó ń wo inú aago. Ó ní, "Ìkòkò nìyẹn. Àná la fọ̀ ọ́."

Mo ṣí i. Omi náà mọ́ gaara. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án sí i, mo wò ó pẹ́. Ká ní ìdin kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ǹ bá yọ̀.

"Kò sí nǹkan?"

"Kò sí, bàbá."

"O ò jókòó díẹ̀?"

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ògiri. Aago ògiri mẹ́jọ ló so kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì fi okùn so páálí pélébé kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Àwọn ènìyàn ló máa ń bá a kọ ọ́, nítorí oríṣiríṣi ni ọwọ́ ìwé náà. Mo kà wọ́n. Púùlù Ute. Púùlù Èmùrè-Ilé. Púùlù Imeri, èyí tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ìṣirò bá jáde. Ejẹ́ńtì kò lè ṣe iṣẹ́ láìní aago tó péye. Bí aago rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá falẹ̀, tó gba ìwé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku ọ̀nà wa kì í sì í jẹ́ kí aago pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń wọkọ̀ wá bá a, tí wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì nígbà tó bá ń tú u. Kí ni ènìyàn máa ṣe lórí bẹ́ńṣì fún wákàtí méjì bí kò bá sọ̀rọ̀? Ìròyìn tí mò ń fi epo bẹntiróòlù wá kiri ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé tọ̀ ọ́.

Mo rò pé bí mo bá mọ àṣírí rẹ̀, ara mi á balẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló túbọ̀ dùn mí. Ká ní ó gbọ́n jù mí lọ ni, ǹ bá gbà. Ó kàn jókòó ni.

Mo wá pinnu pé ti Imeri ni màá fi ta á yọ. Mo ní sùúrù títí di òpin oṣù kẹta, nígbà tí wọ́n ní kí n lọ wo kànga kan lápá ibẹ̀. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo débẹ̀. Ejẹ́ńtì náà kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìyàwó rẹ̀ sì ń dín dùǹdú níwájú ìsọ̀. Ó ní Ọjọ́bọ̀ làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń mú ìwé wọn wá, bí ó bá di Sátidé ilé òun á dá, dùǹdú ìyàwó òun á sì kù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mú kúpọ́ọ̀nù wá lọ́jọ́ Sátidé ní wákàtí ìkẹyìn, òun á fi ìdá kan nínú márùn-ún lé ohun tó bá jẹ. Náírà mẹ́rìnlélógún dípò ogún. N kò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo ìwé mi.

Ó ní, "Wákàtí ìkẹyìn kí n tó tilẹ̀kùn ni o. Kì í ṣe kí wọ́n wá láàárọ̀."

Mo ní ó ti yé mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sórí pátákó, mo kó gbogbo ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ kan: IMERI. ÌDÁ KAN NÍNÚ MÁRÙN-ÚN LÓRÍ RẸ̀. SÁTIDÉ, AAGO MẸ́TA SÍ MẸ́RIN. Ejẹ́ńtì náà kò dárúkọ aago kankan fún mi. Èmi ni mo fi í kún un, nítorí mi ò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ wà lásán láìní iye.

Bàbá Aláago dìde lórí àga onírọ̀rí. Kò mọ ìwé wa kà, ti Lárúbáwá ni ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí Tíṣà kà á fún òun. Tíṣà kà á. Bàbá náà dúró, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Wolé-wolé, aago mẹ́rin ni?"

Mo ti dúró de ìgbà tí yóò béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ti aago sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ púùlù ni."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì gba ọ̀nà mọ́sáláṣí lọ. Mo rí i pé oníwèé-ìròyìn ń wò mí. N kò kà á sí. Èémí ti padà sẹ́yìn ọrùn mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ènìyàn méje ló dáwó gba píkọ́ọ̀pù kan. Tíṣà jókòó síwájú. Èmi ṣáájú wọn lórí alùpùpù, mò ń jẹ eruku fún wọn. A dé Imeri ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ń sọ fún ara mi pé a ti dé lásìkò gan-an.

Ejẹ́ńtì náà jókòó síta, ó ń jẹ dùǹdú, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ti wà ní títì.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí?"

Tíṣà ní, "Kúpọ́ọ̀nù la mú wá."

"Kúpọ́ọ̀nù wo, bàbá? Mo ti di ìwé, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe aago mẹ́rin ni?"

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Àwọn òyìnbó ti yí aago wọn ní Sọ́ńdè." Ó fi dùǹdú ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ojú fèrèsé, níbi tí a ti lè rí aago tó kọ́ sórí ògiri. "Bàbá Aláago ló rán mi létí nígbà tí mo lọ gba aago mi ní Mọ́ńdè."

Páálí Bàbá Aláago ṣì wà lọ́rùn aago náà.

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí aago. Bí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ń bọ̀, wọ́n á sún un síwájú, bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin tiwa á sì di aago mẹ́ta. Ó wà nínú ìwé mi kejì, mo tilẹ̀ fi yíǹkì pupa fàlà sí abẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra ni mo ti kọ ọ́ sí pátákó kí ó tó dọjọ́. Lọ́dún yẹn, bàbá kan ni mò ń rò, n kò ro aago.

Rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n níbì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tíṣà ní, "Wolé-wolé, ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀. Kí ló wá dé?"

Èsì tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè sọ síta. Wọ́n ra dùǹdú, nítorí ebi ti ń pa wọ́n, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ìyàwó ejẹ́ńtì náà ní kí a máa wá bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ẹnìkan ní òun kò mọ̀ pé dùǹdú ni ènì náà.

Nígbà tí èsì jáde nírọ̀lẹ́, kò sí ìkankan nínú ìwé àwọn méjèèje tí ì bá jẹ. Mo sáré lọ sọ fún Tíṣà, mo rò pé yóò tù ú nínú. Ó ní, "Kí àwa fúnra wa pàdánù, o ò jẹ́."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, agolo mílíìkì náà ti kúrò lábẹ́ tábìlì. Orí rẹ̀ ló wà, lójú gbogbo ayé, bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú. Mo dúró, n kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹlòmíràn ni yóò máa kọ ọ́ ni?"

Oníwèé-ìròyìn ń ka ìwé rẹ̀ jọ. Ó ní, "Ta ni yóò kọ ọ́? Bàbá ò mọ̀ ọ́n kọ. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́, ìwọ á máa kọ ọ́. Ohun tí wọn ò bá gbọ́ sétí, má kọ ọ́ sí pátákó mi."

"Ìṣirò ńkọ́? Wọ́n mọ ìyẹn?"

"Máa ṣe ìṣirò rẹ. Ṣùgbọ́n bi wọ́n ná."

Mo yíjú sí bàbá náà lórí àga onírọ̀rí. Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀, kò sì sí ìbínú. N kò lè fara dà á.

Mo ní, "Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò sọ ọ́."

"Mo bi ọ́. O ní ọ̀rọ̀ púùlù ni. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ púùlù."

"Ẹ mọ ènì gbogbo ilé púùlù láti ibí dé Imeri. Ilé púùlù wo ni ẹ̀yin gan-an ń lò?"

"Èmi?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀sìn mi ò gbà á. Mi ò ta á rí láyé mi."

"Kí wá lẹ fi ń sọ ọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ń wá a. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, kí ni màá fi ṣe?"

Gbogbo ìgbà yẹn ni mo fi ń bá a du nǹkan, òun kò sì sí nínú eré. Ẹni tó bá ń jowú ẹni tó ń bá a díje, ó ṣì lè retí pé ọjọ́ kan yóò borí. Mi ò mọ ohun tí mo lè borí lára ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ara mi tún gbóná, ó gbóná ju ti Ute lọ.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo nu pátákó. Bàbá náà dìde wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, òróró aago ń rùn lára rẹ̀.

Ó ní, "Ute, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń tilẹ̀kùn ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo kọ ọ́.

"Èmùrè-Ilé ti padà sí mẹ́rìndínlógún."

Mo kọ ọ́, mo sì fi ìṣirò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, náírà mọ́kàndínlógún àti ogún kọ́bọ̀, lọ́nà tó gún régé.

"Imeri, wákàtí ìkẹyìn. Aago méjì sí mẹ́ta."

Mo kọ èyí náà, pẹ̀lú ọwọ́ ìwé tí gbogbo wọn mọ̀, tí wọ́n ti ń kà láti ọdún mẹ́rin. N kò tíì fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ nígbà tí Tíṣà na ọrùn wo pátákó láti ẹ̀yìn èrò, tó sì pe àwọn tó wà lódìkejì títì.

Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ o. Bàbá Aláago ti kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí."